Ọjọ́ tí Lọ́yà, Akántáǹtì àti Sọ̀féyọ̀ Pàdé Nídìí Ààrò Bàbá Mi

Ọjọ́ tí sọ̀féyọ̀ wá wọn ilẹ̀ wa ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi ti ń pín ogún ara wọn láìsọ fún ẹnì kankan nínú ilé. Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fa okùn bọ̀ láti etí títì. Okùn yẹn kọjá lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọjá lára táńkì omi, ó wá gba orí ààrò búrẹ́dì wa kọjá. Ẹ má rò pé àsọdùn ni o. Àárín gbùngbùn ni! Ẹnu ààrò bọ́ sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ bọ́ sósì.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

Ó ní, "Ilẹ̀ bàbá yín ni. Wọ́n ní kí n gé e sí méjì ọgbọọgba."

Mo ní, "Ààrò ńkọ́? Ṣé ẹ máa gé òun náà sí méjì ni?"

Ó wo ààrò, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ààrò. Ó ní, "Ilẹ̀ ni wọ́n ní kí n wọ̀n, wọn ò ní kí n wọn ààrò."

Hàà! Ẹ gbà mí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ìyẹ̀fun yẹn gbá a létí.

Ẹgbẹ́dá ni ilé búrẹ́dì wa wà, létí títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ti ṣe kúùkù fún òyìnbó kan nígbà èwe wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ búrẹ́dì ṣíṣe, ìgbà tí òyìnbó yẹn padà sílé ni wọ́n wá fi amọ̀ àti bíríkì mọ ààrò tiwọn. Kò sí awakọ̀ tó máa gba Ẹgbẹ́dá kọjá tí kò ní dúró. Àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Alákíà pàápàá máa ń rán èèyàn wá rà á, wọ́n á wé e sínú pépà, wọ́n á gbé e lọ sí Èkó, wọ́n á ní búrẹ́dì Èkó ò kúnnú.

Tíṣà obìnrin ni èmi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Lálúpọn kí orúnkún bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọn ò lè dúró ti ààrò mọ́. Mo padà sílé pé kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ fún sáà kan péré. Sáà kan yẹn náà di ọdún mẹ́ta, mi ò sì padà sí Lálúpọn mọ́. Àwọn èèyàn ní orí mi ti dàrú, pé tíṣà wo ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ lọ di ìyẹ̀fun mú. Mo ní kí ni wọ́n ń sọ, ṣebí funfun náà ni méjèèjì. Àmọ́ bàbá mi ò yéé pè mí ní Tíṣà, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ inú mi. Mo fẹ́ ilé búrẹ́dì yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé tí mo bá gbọ́ òórùn rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí a ò dáná, ọkàn mi máa ń fò. Èmi ni mo mọ̀ bí ìyẹ̀fun ṣe ń wú nígbà ọyẹ́ àti bó ṣe ń wú nígbà òjò, èmi ni mo mọ ibi tí ààrò yẹn ti ń gbóná ju ibi tó kù lọ. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, àwa méjì náà ni òbí wa bí, òun sì ni dáwódù. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Ìbàdàn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á káwọ́ sẹ́yìn, á yí ilé búrẹ́dì ká, á wo ààrò, á wo máṣìnnì tí a fi ń po ìyẹ̀fun, á wo ọkọ̀, kò ní sọ nǹkan kan, á bá tirẹ̀ lọ. Mo ní ojú onílé nìyẹn. Mo ní ó ń ka ẹrù rẹ̀ ni. Inú mi kì í dùn sí i, kí n má purọ́. Oúnjẹ tí mo bá bù fún un lọ́jọ́ náà, mi kì í fi ẹran gidi sí i.

Bàbá mi ò ṣàìgbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ náà. Tí a bá jẹun tán lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á ti ìjókòó sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ilé búrẹ́dì yìí…" Ibi tí wọ́n máa ń bá a dé nìyẹn. Ìyá mi á ti pariwo: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ó pẹ́ fún wa! Ẹ ó jẹ èrè ọmọ!" Àwa náà á ké àmín. Èmi gan-an ni ohùn mi máa ń ròkè jù, èmi tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ yẹn ni gbogbo ayé mi dúró lé lórí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ wo ló máa jókòó kí bàbá rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ ikú, kó wá ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ, òun ń gbọ́? Wọ́n á ní ogún ló ń wá. Bàbá mi á wò wá yíká, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á bèèrè omi.

Bí sọ̀féyọ̀ ṣe kó okùn rẹ̀ tó gun alùpùpù lọ báyìí, mo fọ ọwọ́, mo pààrọ̀ aṣọ, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà bàbá mi ní Dùgbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ sọ fún Bàbá. Mo ní lọ́yà, ẹ gbà mí, sọ̀féyọ̀ fẹ́ la ààrò wa sí méjì. Lọ́yà yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Sọ̀féyọ̀ wo? Èmi ń kọ wíìlì fún bàbá yín, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé wọ́n ń gé ilẹ̀."

Mo ní, "Wíìlì kẹ̀? Ẹ ń kọ ìwé tí Bàbá máa fi pín ogún? Ta ni wọ́n fún ní ilé búrẹ́dì?"

Ó ti dúróà rẹ̀ pa, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni, kò ṣeé sọ."

Mo jáde níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ nítorí ìbínú. Mo dé ilé, mo bá lẹ́tà kan. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún Bàbá. Ọ̀dọ̀ akántáǹtì kan ní Ìbàdàn ló ti wá. Ó ní ìwé tí wọ́n fi ń sọ ilé búrẹ́dì di kọ́ńpìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn wá, kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni. Kọ́ńpìnnì! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo gbé lẹ́tà náà síwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, èèyàn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lórí ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo yìí, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé èkejì wà láyé."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé mo yìn wọ́n ni. Wọ́n ní, "Ọgbọ́n ni mo fi ṣe é. Ogiri létí. Tí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, ó ti gbé inú mi lọ nìyẹn. Akántáǹtì yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àtàwọn àbúrò mi ń lọ. Mo sọ díẹ̀ fún eléyìí, mo sọ díẹ̀ fún tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó máa rí òpin rẹ̀ kí n tó…" Ẹnu mi ti là láti sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa kó wọn jọ? Gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ẹ̀rín yẹn ló ki mí láyà. Mo ní màá ṣe é! Mo wọ ọkọ̀ padà lọ bá lọ́yà, mo ní kó jọ̀ọ́ kó lọ rí akántáǹtì. Lọ́yà ní ọ́fíìsì òun ò kúrò níbi tó wà, kí akántáǹtì máa bọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ akántáǹtì, bàbá arúgbó kan tó wọ táì, ó ní ọmọdé ni lọ́yà yẹn lójú òun, òun kọ́ lòun máa rìn lọ kí i. Èmi tí mo wà láàárín, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni mò ń padà lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ bí èèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran. Mo rí i pé ní ilẹ̀ wa, èèyàn ńlá kì í lọ sí ọ́fíìsì èèyàn ńlá ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn ńlá tí kì í lọ síbi tí wọ́n bá ti pè é wá jẹun. Ni mo bá kọ lẹ́tà mẹ́ta. Mo ní bàbá mi ń kí wọn o, pé kí wọ́n wá lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n fẹ́ kí wọ́n tọ́ búrẹ́dì tuntun kan wò bó ṣe ń jáde nínú ààrò. Mi ò dárúkọ ẹnì kan fún ẹnì kejì. Mo sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá. Mo ní tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n máa fún, ojú mi ni kí wọ́n ti fún un, kí n lè di ẹrù mi, kí n padà sí Lálúpọn lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Sátidé pé. Mo po ìyẹ̀fun ọjọ́ yẹn bí ẹni ń ja ìjàkadì! Mo fi bọ́tà sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo bu òróró sí páànù. Sọ̀féyọ̀ ló kọ́kọ́ dé lórí alùpùpù. Lọ́yà fi mọ́tò dé. Akántáǹtì bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ká agbòjò rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí lọ́yà. Lọ́yà rí i. Àwọn méjèèjì wá wo sọ̀féyọ̀, ẹni tó ti jókòó tirẹ̀ tó ń wo ẹnu ààrò. Kò sẹ́ni tó lè bínú padà, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣí ààrò, òórùn búrẹ́dì sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Akántáǹtì ní, "Ṣé bọ́tà wà?" Mo ní, "Ó wà, sà." Ó jókòó.

Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ débi tí ara tù wọ́n, mo lọ gbé pátákó ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi tí mo yá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e ti ògiri, mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Bàbá mi ní, "Tíṣà, kí lò ń fi èyí ṣe?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn bàbá wọ̀nyí láṣẹ, kí kálukú wọn kọ ohun tí ẹ ní kó ṣe síbí. Ẹyọ gbólóhùn kan péré."

Bàbá wo ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú búrẹ́dì tí kò tíì gé jẹ lọ́wọ́. Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Kí wọ́n kọ ọ́."

Sọ̀féyọ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó kéré jù nínú wọn. Ó kọ ọ́ pé, Ilẹ̀ di méjì ọgbọọgba, apá tí ààrò wà, ti ọmọbìnrin. Mo kà á. Mo tún un kà. Lọ́yà gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, Ààrò, máṣìnnì àti ọkọ̀, ti ọmọbìnrin. Akántáǹtì ló ṣìkẹta. Lẹ́tà rẹ̀ rẹwà: Ààrò, máṣìnnì àti ọkọ̀ di ti kọ́ńpìnnì, kí ọmọbìnrin ṣe ọ̀gá ibẹ̀.

Mo di tábìlì mú. Láti ọjọ́ yìí wá! Èmi tí mo ti ń bínú, tí mo ti ń di ẹrù nínú ọkàn mi! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi fún mi ní ilé búrẹ́dì yẹn, lọ́dọ̀ èèyàn mẹ́ta, mi ò gbọ́ ọ̀kan.

Àṣé ibi tí ìjà wà gan-an nìyẹn. Lọ́yà fi ìka tọ́ pátákó. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Tí ààrò bá ti di ti kọ́ńpìnnì, a jẹ́ pé ohun tí kì í ṣe ti Bàbá mọ́ ni mò ń bá wọn pín. Ìwé mi ti di pépà tí a fi ń wé búrẹ́dì."

Akántáǹtì ní, "Tèmi ńkọ́? Wọ́n gé ilẹ̀ sí méjì lábẹ́ kọ́ńpìnnì, orí kí ló máa dúró lé?" Ó yíjú sí sọ̀féyọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ ò rí ààrò ni?"

Sọ̀féyọ̀ ní, "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní kó dọ́gba. Etí títì ni mo ti wọ̀n ọ́n, ó sì dọ́gba."

Lọ́yà ní, "Ó dọ́gba lóòótọ́, ìdajì ààrò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan! Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá kú lónìí…"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìyá mi ti dìde. Akántáǹtì ké e, sọ̀féyọ̀ ké e, èmi náà ké e tẹnutẹnu.

Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì, ife tíì fò. "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́! Ọdún mélòó rèé tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ nínú ilé yìí? Mo lanu, ẹ ní àmín. Mo tún lanu, ẹ tún ní àmín. Mi ò tíì gbàdúrà, ẹ ti ń ṣe àmín! Kí ni kí n ṣe? Mo ní láti lọ wá àlejò tí kò ní gbàdúrà fún mi. Lọ́yà, máa sọ ọ́, jọ̀ọ́."

Lọ́yà wá rọra sọ ọ́. Ó ní tí Bàbá bá kú lónìí, ìwé mẹ́ta yìí máa bá ara wọn jà ní kóòtù. Ìgbà tí wọ́n bá ń jà lọ́wọ́, àwọn àbúrò Bàbá á kàn wọlé, wọ́n á ní ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ò lè jogún ààrò, kò sì ní sí ìwé kan tó dúró déédéé tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Mo fetí sí i títí ó fi parí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jẹ́ kí ẹnì kan sọ ikú bàbá mi tán lójú mi. Mo sunkún díẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Lẹ́yìn náà, ó di iṣẹ́! Ẹ wá wo àwọn tó ń ṣagídí sí ara wọn tẹ́lẹ̀! Akántáǹtì bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó dúró ti pátákó. Lọ́yà ń sọ, èmi ń kọ, sọ̀féyọ̀ ń pa á rẹ́ tó bá ti kún. Wọ́n ní kí sọ̀féyọ̀ hú èèkàn tó fi sàmì sí ilẹ̀ kúrò, kó ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo, kó ya ààrò sí i pẹ̀lú. Ilẹ̀ náà á wọ inú kọ́ńpìnnì, ohun èlò gbogbo á tẹ̀ lé e. Ìyẹn á tán kí lọ́yà tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Wíìlì kò ní dárúkọ ààrò rárá, ìpín Bàbá nínú kọ́ńpìnnì nìkan ló máa sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó pọ̀ jù á jẹ́ tèmi, tí ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ lé e. Kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí ìwé mọ́ láìfi han àwọn méjì tó kù. Èmi ni màá máa gbé ìwé káàkiri láàárín wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìṣù búrẹ́dì mẹ́fà sínú ààrò, wọ́n jóná dúdú, mi ò bìkítà!

Àfi ìgbà tí lọ́yà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ìwọ lo jẹ́ dáwódù. O ò tíì sọ̀rọ̀. Kí lo rí sí i? Nítorí tó o bá ní ohun tó ń dùn ọ́, ìsinsìnyí ni kó o sọ ọ́."

Mo gbé ara mi ró. Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọjọ́ wo ló fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí, pé wíwò lásán kì í ṣe iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní orí ahọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin oníyàwó, bàbá ọmọ méjì, ó sún mọ́ iwájú bàbá wa, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé mo wá lè máa lọ?"

Bàbá ní, "Máa lọ síbo?"

Ó ní, "Kàdúná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni rélùwéè ti fún mi ní ipò ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní rárá. Mo ní dáwódù ni mí, ilé búrẹ́dì ń dúró dè mí. Tí mo bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń wo ààrò yẹn, mo máa ń bi ara mi pé báwo ni màá ṣe ṣe é. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, Bàbá. Mi ò sì fẹ́ ẹ."

Bàbá mi tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo dè ọ́ mọ́lẹ̀ látìgbà yìí?"

Ó ní, "Ẹ ò dè mí, Bàbá. Ẹ kàn ò sọ fún mi rí pé kí n máa lọ ni."

Bàbá fi ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi kò tètè dìde. Èjìká rẹ̀ ń mì nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Mo dúró tèmi ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mò ń wò ó. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá ọkùnrin yẹn jà, òun ò sì mọ̀ pé à ń jà.